Ọdún tí Bàámi Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Sùúrù-Lérè

Ilé wa kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró omi ni ó ń jí mi láàárọ̀. Ikọ́ mọ́tò Bàámi ni. Kí àkùkọ ilé wa tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, Bùrọ̀dá Múfú, àbúrò Bàámi, á ti dúró níwájú mọ́tò náà pẹ̀lú irin gígùn tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa ṣépè lábẹ́lẹ̀, nítorí Ìyá Àgbà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣépè nínú ilé kí a tó kírun. Mọ́tò á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Á tún húkọ́, á gbọn ògiri yàrá wa jìgìjìgì, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kútú-kútú-gbà, kútú-kútú-gbà, bí ẹni tó ń gún iyán tí ọmọ odó ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Màámi á fọwọ́ tọ́ mi lẹ́sẹ̀ pé kí n dìde, kí n lọ gbálẹ̀. N kò mọ bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń jí. Èmi rò pé gbogbo ilé ló ní mọ́tò tó ń húkọ́.

Lókè gíláàsì iwájú mọ́tò náà ni Bàámi ti ní kí wọ́n kọ SÙÚRÙ LÉRÈ sí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á mọ ìdí rẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Láti Ọ̀jọ́ ni ó ti ń gbéra, á gba Okokomáíkò, á dé Ìba, á kó gàrí, gbágùúdá, àgbọn, epo pupa àti igi ìdáná bọ̀ wá sí etí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi á ti gbà á lọ sí Èkó. Iyanrìn ni ojú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń gbé Okokomáíkò lónìí, tí ilé ti fẹ̀gbẹ́ kan ilé, máa ń wò mí bí òpùrọ́ tí mo bá sọ pé ọ̀bọ máa ń jókòó sójú ọ̀nà wọn nígbà náà, tí yóò máa wo mọ́tò Bàámi bí ó ti ń bọ̀, tí yóò sì jẹ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dìde. Kò sí ẹni tó ní aago lójú ọ̀nà yẹn, wọn kò sì wá a. Bí mọ́tò bá ti húkọ́ lókèèrè, àwọn obìnrin Okokomáíkò á mọ̀ pé gàrí tó wà lórí iná ni kó jẹ́ ìkẹyìn. Bí wọ́n bá ti ń gbọ́ kútú-kútú-gbà, àwọn ará Ìba á ru ẹrù wọn bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́, tó bá ń padà bọ̀, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi lọ́mọ, á gbé omi ẹ̀bà kaná. Wọn kì í gbé e kaná ṣáájú, wọn kì í sì í pẹ́ jù. Kí Bàámi tó fọwọ́ fọsẹ̀ tán, ẹ̀bà á ti délẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, ooru rẹ̀ á sì máa rú.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ikọ́ mọ́tò náà di àìsàn. Ó ń mu epo ẹ́ńjìnnì bí ọ̀mùtí, ó sì ń tú èéfín tó ń mú kí Ìyá Àgbà gbé aṣọ tí wọ́n sá kúrò lórí okùn. Bí ẹrù bá ti kún inú rẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ lójú iyanrìn, á dúró, èrò á sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Ìyá Sìdí, ìyá onígàrí kan ní Okokomáíkò, ẹni tó sanra tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ló bi Bàámi lójú gbogbo èrò lọ́jọ́ kan pé, "Sàláwù, mo sanwó mọ́tò, mo sì tún ti mọ́tò. Èwo ni mo wá wọ̀ níbẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ ẹ̀bà wọn tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Mọ́tò mìíràn ti ń ti Ìjànikin wá sójú ọ̀nà yẹn, ara rẹ̀ ń dán, àwọn obìnrin sì ti ń bèèrè iye tó ń gbà.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun gbogbo ilé. Kí Bàámi tó ra Sùúrù-Lérè, awakọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Èkó. Ọdún Iléyá àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ nìkan ni mo ń rí wọn. Mo mọ búrẹ́dì tí wọ́n ń rà bọ̀ dáadáa ju bí mo ti mọ ojú wọn lọ. Nígbà kan tí wọ́n dé, mo sá pamọ́ sẹ́yìn Màámi, mo ní àlejò kan ń bèèrè yín. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n Bàámi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà sọ pé ọjọ́ náà ni Bàámi pinnu pé àwọn yóò ní mọ́tò tiwọn, kí àwọn lè máa sùn sílé. Nítorí náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí mọ́tò yẹn bá kú, Èkó ni Bàámi ń padà sí. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fítà láti Àgége. Fítà ni à ń pe ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe nígbà náà, n kò sì mọ orúkọ mìíràn tí bàbá náà ń jẹ́ títí wọ́n fi kú. Fítà gbé etí lé ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ìka kan epo rẹ̀, wọ́n fi imú gbóòórùn ìka náà, wọ́n wá béèrè bóyá òjòjò ni Màámi ń dín lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀. Ọ̀kan wà ní Àgége tí ẹnìkan rà ní gbàǹjo ìjọba. Mọ́tò tó gbé e tẹ́lẹ̀ ti forí sọ igi, ara rẹ̀ ti run, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò ní àbùkù kankan, ó sì lágbára ju tiwa lọ dáadáa. Bàámi bi wọ́n léèrè èwo ló dára jù. Fítà ní méjèèjì ló dára. Bàámi ní bó bá jẹ́ pé Fítà ló ni mọ́tò ńkọ́. Fítà ní òun kò ní mọ́tò, wọ́n sì mú òjòjò mìíràn.

Ẹ wá wo ilé wa lẹ́yìn ìgbà náà. Bàámi jẹ́ ẹni tó máa ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tí yóò sì fara mọ́ tẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ lọ sùn. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹ́ńjìnnì tiwa sì ti mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà Ìba. Bùrọ̀dá Múfú, ẹni tí apá wọn ti wú nítorí irin yíyí, ní kí wọ́n gbé tuntun wọlé, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Màámi fara mọ́ ti Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì gbàǹjo, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tó gbé mọ́tò lọ bá igi. Bí wọ́n ti ń rin gbágùúdá ni wọ́n ń jiyàn, bí wọ́n ti ń pa èkùrọ́ ni wọ́n ń jiyàn, kò sí ìró òkúta lórí èkùrọ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nínú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà pín ẹja fún wa, ìrù sì kan Bùrọ̀dá Múfú. Wọ́n béèrè bóyá nítorí ẹ́ńjìnnì ni. Ìyá Àgbà ní rárá o, ẹja náà ni kò lórí méjì, bí wọ́n bá sì fẹ́ orí, kí wọ́n lọ wá a ní gbàǹjo. Mo rẹ́rìn-ín débi pé egungun fẹ́ há mi lọ́fun, wọ́n sì gbá mi lẹ́yìn, ìjà náà sì parí fún alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe. Sùúrù-Lérè rì sínú iyanrìn lẹ́bàá Ìba pẹ̀lú ẹrù, àwọn èrò sì ń tì í, ni mọ́tò Ìjànikin bá dé. Awakọ̀ rẹ̀ rọra dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí Bàámi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá wọn tì í. Bó bá jẹ́ pé ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Bàámi ìbá mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Àánú ló ṣe é, ìyẹn ló sì burú. Bàámi délé, wọ́n ní kí Múfú lọ bá Fítà, kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Àgége wá. Ìyá Àgbà wo ojú ọmọ wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀bà síwájú wọn.

Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí ẹ̀rọ tí wọn yóò fi gbé irin tó wúwo bẹ́ẹ̀ sókè, nítorí náà àwọn apẹja tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé okùn àwọ̀n wọn wá. Wọ́n to igi ńlá pọ̀, wọ́n gba okùn náà lórí rẹ̀, wọ́n sì fa ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n jáde lómi, tàwọn torin. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹja yìí mà gbó o. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun kò bá ibi ìjókòó ti àtijọ́ mu, Fítà sì gé irin abẹ́ mọ́tò, wọ́n lu ihò tuntun sí i, títí ó fi jókòó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Bùrọ̀dá Múfú tutọ́ sọ́wọ́, wọ́n di irin mú, wọ́n fi gbogbo agbára yí i, ẹ́ńjìnnì sì gbà lójú ẹsẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kò húkọ́. Hùùùn ló ń ṣe, bí oyin tó wà nínú ihò igi. A jó, a pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn, wọ́n béèrè bóyá ó ti jí ni àbí ó ṣì ń sùn.

Bùrọ̀dá Múfú ló ròyìn ìrìn àkọ́kọ́ náà fún wa. Wọ́n ní mọ́tò ń sáré lórí iyanrìn bí ẹni pé ọ̀dà ni, Bàámi ń kọrin, àfi bí wọ́n ṣe dé Okokomáíkò tí wọn kò bá ẹnì kankan lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ẹrù, kò sí èèyàn. Gbogbo ojúlé ni wọ́n ti gbá mọ́ féfé. Gbogbo ìkòkò omi ni wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù. Gàrí ń jóná lórí ààrò láìsí ẹni tó ń rò ó. Bàámi fun fèrè mọ́tò, wọ́n sì gbọ́ tí àwọn èèyàn tún ń sá wọ inú igbó lọ sí i. Bákan náà ló rí ní Ìba, àfi bàbá arúgbó kan tí kò lè sáré mọ́, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ti ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Kò sí tanwíji níbí." Bàámi ní, "Bàbá, èmi ni, Sàláwù ará Ọ̀jọ́." Bàbá náà wò wọ́n lókè, ó wò wọ́n nísàlẹ̀, ó ní, "Sàláwù, ìgbà wo lo di wolé-wolé?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Kẹ̀kẹ́ kì í rìn lórí iyanrìn ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà lọ́rì ìjọba ló máa ń gbé àwọn wolé-wolé wá láti wo ìkòkò omi, bóyá tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi, wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá a nínú omi rẹ̀ á san owó ìtanràn. Àwọn obìnrin ti kọ́ ìró lọ́rì yẹn dájú, wọ́n á ti da omi nù, wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á sì ti sá lọ kó tó dé. Lọ́rì náà ló forí sọ igi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni Bàámi gbé sínú Sùúrù-Lérè.

Ẹ ó ní kí wọ́n ṣàlàyé fún àwọn èèyàn, kó parí. Wọ́n ṣàlàyé. Gbogbo ayé gbà, wọ́n bá Bàámi rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n sì tún gbọ́ hùùùn, wọ́n tún da omi nù, wọ́n tún sá. Ìyá Sìdí ló sọ òótọ́ ibẹ̀ pé ìjọba kò lè ṣe aláìní lọ́rì mìíràn, bí àwọn bá sì dúró wò ó bóyá Sàláwù ni, tí kì í bá ṣe Sàláwù, ta ni yóò san ìtanràn? Àwọn tó wà lóko ńkọ́? Àwọn yẹn ń retí ikọ́, wọn kò gbọ́ ọ, ilẹ̀ á sì ṣú bá ẹrù wọn. Mọ́tò Ìjànikin ló ń kó o. Bùrọ̀dá Múfú ní ó yẹ kí ìjọba máa sanwó oṣù fún àwọn, nítorí Ìba kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Fítà tún wá, wọ́n lu ihò sí sálẹ́ńsà, irin tí èéfín ń gbà jáde, kí mọ́tò lè pariwo. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Àwọn ará Okokomáíkò rò pé lọ́rì wolé-wolé méjì ló ń bọ̀, wọ́n sì da omi mímu pàápàá nù. Bàámi béèrè bóyá ti àtijọ́ ṣì lè padà sípò rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀ bí wọ́n ti sọ níjọ́sí. Fítà ní ibi ìjókòó rẹ̀ ni àwọn ti gé dànù. Ìyá Àgbà fi kún un pé adìẹ àwọn ti sàba lórí ẹ́ńjìnnì náà, kò sì sí ẹni tí yóò lé e dìde kó tó pamọ.

Gbogbo èyí ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́ tí Bàámi ní kí Màámi bá àwọn fọ aṣọ kakí àwọn. Aṣọ awakọ̀ Èkó ni. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ òyìnbó, àyè sì wà. Mo kúrò nídìí oúnjẹ, mo lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, mo ṣe é bí àgbà, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí Bàámi má lọ. Mo sọ fún Un pé bí wọ́n bá lọ, mo lè tún gbàgbé ojú wọn. Nígbà tí mo padà wọlé, aṣọ kakí náà wà lórí itan Màámi, wọn kò tíì rẹ ẹ́ sómi.

Màámi ní, "Bàbá Àbẹ̀ní, n kò ní fọ aṣọ yìí."

Bàámi bi wọ́n pé kí ni kí àwọn máa jẹ.

"Ẹ̀yin àti Múfú àti Fítà, ẹ́ńjìnnì lẹ ń wò. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Àwọn èèyàn yẹn ni kò mọ ohùn rẹ̀. Wọ́n mọ ohùn tèmi. Ìba ni wọ́n bí mi sí, mo ti polówó òjòjò lójú ọ̀nà yẹn títí ọmú fi là láyà mi. Ẹ gbé mi síwájú mọ́tò."

Bàámi ní gbogbo Ọ̀jọ́ ni yóò máa sọ pé àwọn fi ìyàwó àwọn ṣe kọ́ńdọ̀, ẹni tó ń pe èrò sí mọ́tò.

Màámi ní, "Inú mọ́tò yín ni wọn yóò ti máa sọ ọ́."

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bàámi, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé wọn, mo jókòó sí àárín àwọn méjèèjì, ooru ẹ́ńjìnnì ń jó mi lẹ́sẹ̀. Bí a ti sún mọ́ Okokomáíkò ni Màámi yọ orí síta, wọ́n fi ọwọ́ kan di gèlè mú, wọ́n sì gbé ohùn kan tí n kò mọ̀ pé wọ́n ní sókè: "Sùúrù-Lérè dé o, ẹ má da omi nù o!" Ohùn náà ga, ó gùn, ó wọ inú igbó lọ. Mo wo ojú Bàámi, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Orí kan yọ láàárín ewé. Òmíràn yọ. Ìyá Sìdí jáde pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́ kan àti ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ kejì, wọ́n wo Màámi, wọ́n ní ọmọ olójòjò, ṣé ìwọ ni o jẹ́ kí àwọn máa sá káàkiri láti ọjọ́ yìí. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹrù ti dé orí mọ́tò. Ní Ìba, àwọn ará ilé Màámi kò jẹ́ kí mọ́tò Ìjànikin rí gbágùúdá kan kó. A gba orí iyanrìn kọjá láìsí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ tì í.

Bàámi kò lọ sí Èkó mọ́. Ilé ni wọ́n ń sùn títí wọ́n fi darúgbó, mo sì mọ ojú wọn débi pé mo lè yà á lónìí pẹ̀lú ojú dídì. Ṣùgbọ́n Màámi kò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò yẹn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra gàrí tiwọn lọ́nà, wọ́n di ìyá onígàrí, wọ́n sanra, ẹ̀rín wọn pọ̀ sí i. Kí n tó jí, wọ́n ti lọ. Nírọ̀lẹ́, Bàámi á délé jẹ ẹ̀bà, ṣùgbọ́n Màámi á ṣì wà létí ọ̀sà tí wọ́n ń ta gàrí wọn, oorun á sì ti gbé mi lọ kí wọ́n tó dé. Ìyá Àgbà ló ń dirun fún mi, ọwọ́ wọn sì le. Ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí Bàámi má lọ. Ó gbọ́, mo sì dúpẹ́. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n dárúkọ Màámi mọ́ ọn.